Ìwé Tí Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹlẹ́ṣin Kọ́kọ́ Kà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ọjà Ìyànà-Ìbà kún fọ́fọ́ tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ń pe èrò Ọ̀jọ́ àti Òkòkòmáíkò láìsinmi, ẹṣin funfun kan yọ lójijì láti ọ̀nà Àgbádárìgì. Wọ́n ti wé aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn, ṣaworo ń dún lára rẹ̀, ọmọkùnrin Háúsá kan sì di okùn rẹ̀ mú, ó ń fà á lọ síbi ìnáwó kan ní ìhà Ìbà. Àwọn ọkọ̀ dúró, àwọn ìyá aláta gbé igbá wọn sẹ́yìn, àwọn ọmọdé sì sáré tẹ̀ lé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ó dúró tì mí, kò sáré rárá. Ó ń wo ẹṣin náà bí ẹni tí ó ń ka lẹ́tà tí a kọ sí òun. Nígbà tí a délé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gun ẹṣin. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé wo ni kí n rà?"

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè eré. Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé bàbá rẹ̀, ilé náà sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n máa ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ Ojúde Ọba, èyí tí í ṣe ọjọ́ kẹta Ìléyá. Bàbá àgbà tí ń jókòó sórí ẹṣin ilé wọn ti darúgbó, orúnkún kò gbà fún un mọ́. Bàbá ọmọ náà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ni yóò jókòó sórí gàárì ní ọdún náà. Oṣù mẹ́ta péré ni ó kù. Ọmọ yìí kò tí ì fọwọ́ kan ẹṣin rí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Kí ó tó wá bá mi, ó ti ra nǹkan kan ṣoṣo, pàṣán ni.

Mo dá a lóhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò kún tó. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa níhìn-ín, nítorí pé láàrin ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, a ó rí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò kàn lọ́jọ́ kan.

Èrò tèmi ni pé ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí gàárì kì í ṣe ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ó ti wù kí àwòrán inú rẹ̀ dára tó. Ìwé tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ kà ni èyí tí yóò fi ẹṣin hàn wá kí ó tó fi ìjókòó hàn wá.

Ìyà ni ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún, ìwé pélébé kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, ojú ewé rẹ̀ kò ju ogójì lọ. Ohun tí ó kọ́ mi kò ju méjì lọ: fi gìgísẹ̀ gbá ẹṣin ní ìhà kí ó lè lọ, kí o sì fa ìjánu kí ó lè dúró. Mo kà á tán ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì rò pé mo ti di ẹlẹ́ṣin. Ní ọjọ́ kejì mo háyà ẹṣin kan létí òkun. A kò tí ì rìn jìnnà tí afẹ́fẹ́ fi gbé àpò ọ̀rá kan fò kọjá níwájú wa. Ẹṣin ta gìrì, mo sì ṣe gẹ́gẹ́ bí ìwé mi ti wí: mo fi ọwọ́ méjèèjì fa ìjánu pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ẹṣin náà fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ó na ti iwájú sókè, èmi sì bá ara mi nílẹ̀. Eegun èjìká mi kán. Àwọn àgbà ti sọ pé ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò rò pé ìrìn-àjò náà yóò yá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe bá ẹṣin wí. Ohun tí ìwé pélébé náà kò sọ fún mi ni pé ẹ̀dá tí ń fi sísá gba ara rẹ̀ là ni ẹṣin. Kò ní ìwo, kò ní èékánná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ààbò rẹ̀. Ẹni tí ó bá dí iwájú mọ́ ọn nígbà tí ẹ̀rù ń bà á, bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn nínú ilé tí ń jó ni ó rí. Bí mo bá mọ̀ ni, èmi ìbá rọra fa orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú okùn kan ṣoṣo, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lè yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí agbára sísá náà sì rọlẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni yóò gbà nínú ìwé. Òǹkọ̀wé náà kò kọ ọ́.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí mo bá ṣí ìwé tàbí fíìmù ìgẹṣin, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni ojú ẹṣin. Ǹjẹ́ ìwé náà sọ pé ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, tí ó fi ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí kò rí ibi tí ó wà gan-an ní iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn ìrù rẹ̀? Ẹni tí kò bá mọ èyí ni ń ti ẹ̀yìn yọ sí i láìfọhùn, tí ẹṣin sì ń ta á nípàá. Lẹ́yìn náà mo ń wá etí rẹ̀, nítorí pé ibi tí etí bá kọjú sí ni ọkàn ẹṣin wà. Lẹ́yìn etí, mo ń wá ikùn. Ẹṣin kò lè bì. Ohunkóhun tí kò dára tí ó bá ti gbé mì kò ní ọ̀nà àbọ̀, ìdí nìyí tí inú rírun tí àwa ń kà sí nǹkan kékeré fi ń pa ẹṣin. Ìwé tí kò bá sọ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí kí ó tó mẹ́nu kan gàárì, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, olùkọ́ ìṣirò kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, Wilhelm von Osten, ní ẹṣin kan tí ń jẹ́ Hans. Bí a bá bi Hans pé mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ mélòó, yóò fi pátákò gbá ilẹ̀ nígbà méje, yóò sì dúró. Ní 1904 ìgbìmọ̀ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọn kò sì rí ìrẹ́jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Oskar Pfungst tún un yẹ̀ wò, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1907. Ó rí i pé bí ẹni tí ń béèrè kò bá mọ ìdáhùn, Hans pẹ̀lú kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹsẹ̀ ẹṣin náà bá ti gbá ilẹ̀ dé iye tí ó tọ́, orí ẹni tí ń béèrè a máa mì díẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀, ìyẹn ni Hans ń wò tí ó fi ń dúró. Hans kò mọ ìṣirò. Ènìyàn ni ó mọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn yìí kò ní rò pé òun lè fi ìbẹ̀rù tàbí ìbínú pamọ́ fún ẹṣin mọ́, yóò sì wá ìwé tí yóò kọ́ òun fúnra rẹ̀ bí a ti ń dúró, bí a ti ń mí, àti bí a ti ń gbé ọwọ́.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Láàrin àwọn adaranmàlúù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni ọ̀nà kan ti gbilẹ̀ tí èmi ń pè ní ìfẹ̀sọ̀-gẹṣin, nítorí n kò rí orúkọ tí ó sunwọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tom Dorrance tí ó gbé ayé láti 1910 sí 2003, àti Ray Hunt tí ó kú ní 2009, ni a máa ń dárúkọ jù nínú rẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀kọ́ wọn kò ṣòro. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹṣin sún sẹ́yìn, ẹ fi ìka kan àyà rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí kò bá gbọ́, ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sẹ́yìn, kíá, ẹ mú ìka kúrò. Mímú tí ẹ mú ìka kúrò yẹn ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹṣin kì í mọ ohun tí a fẹ́ nígbà tí a ń tì í, ìgbà tí a bá dẹwọ́ ni ó ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá dẹwọ́ pẹ́ jù ti kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àná ni. Xenophon, ọmọ ogun ará Áténì, ti kọ ìwé lórí ẹṣin ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ó kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi ìbínú bá ẹṣin lò. Ó ní bí ẹṣin bá ń bẹ̀rù nǹkan, kí ẹni tí ó ni ín fọwọ́ kan nǹkan náà kí ẹṣin rí i, kí ó sì rọra mú un súnmọ́ ọn, nítorí pé bí a bá nà án, ẹ̀rù yóò di méjì: ẹ̀rù nǹkan náà àti ẹ̀rù pàṣán. Ó tún ní kí a máa mú ọmọ ẹṣin la àárín èrò àti ariwo kọjá kí ó lè mọ̀ wọ́n lára. Ẹni tí yóò bá gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba, níbi tí ìlù ń dún, tí ìbọn ń dún, tí èrò ń hó yèè, kí ni ó tún kù tí yóò béèrè?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Níbi tí oyin bá wà, eṣinṣin kò ní jìnnà. Ìfẹ̀sọ̀-gẹṣin ti di ọjà. Àwọn kan ti pín in sí ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì ń ta okùn àti ọ̀pá tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà kò lè wọlé láìsí wọn. Àwọn mìíràn ń ṣe fíìmù nínú èyí tí ẹṣin igbó ti ń di ẹṣin ilé láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá: wọn a lé e yí po nínú agbo, títí yóò fi kọjú sí wọn, tí yóò sì máa tọ̀ wọ́n bọ̀. Wọ́n ní ó ti gbà wọ́n ní olórí. Ní 2012 àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà fi ọkọ̀ ìṣeré tí a ń fi rímóòtù darí dán irú nǹkan náà wò. Bí ẹṣin bá kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà, ọkọ̀ á máa lé e, bí ó bá kọjú sí i, ọkọ̀ á dúró. Kò pẹ́ tí àwọn ẹṣin fi kọ́ láti kọjú sí ọkọ̀ ìṣeré. Ṣé a ó wá sọ pé ọkọ̀ ìṣeré ti di olórí ẹṣin? Ìdẹwọ́ ni ó ṣe é, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Ìwé tí ó bá sọ ìdí fún wa ni ó yẹ kí á rà. Èyí tí ó bá sọ iṣẹ́ ìyanu fún wa, ẹ jẹ́ kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìwé wo wá ni mo yàn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi? Ìtàn àròsọ ni mo kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́, ó sì yà á lẹ́nu. *Black Beauty* ni, tí Anna Sewell kọ ní 1877. Obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì ni, ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹṣin ni ó sì ń gbé e kiri. Ẹṣin fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn inú ìwé náà. Nínú rẹ̀ ni a ti rí okùn kan tí àwọn ọlọ́lá ìgbà náà fi ń fa orí ẹṣin sókè kí ó lè dára lójú àwọn èrò, tí ọrùn àti èémí rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Mo fẹ́ kí ọmọ náà ka ibẹ̀ kí ó tó rí ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún ayẹyẹ, nítorí ẹ̀wà tí ń dun ẹranko pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Xenophon, tí kò gùn, tí a sì lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí *Black Beauty* pẹ̀lú. Fún ìtọ́jú pátákò, gọ̀gọ̀, gàárì àti oúnjẹ, mo yá a ní *The Manual of Horsemanship*, tí British Horse Society àti Pony Club kọ́kọ́ gbé jáde ní 1950. Ìwé líle ni, kò ní àwàdà, ṣùgbọ́n kì í purọ́. Ìwé Hunt tí ó jáde ní 1978 àti ti Dorrance tí ó jáde ní 1987, mo ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹṣin kò tí ì tẹ̀ lẹ́sẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ti fíìmù, mo gbà á láyè láti wo *Buck*, èyí tí a ṣe ní 2011 nípa Buck Brannaman, ọmọ ẹ̀yìn Hunt. Mo ní kí ó pa ohùn rẹ̀ kí ó sì máa wo etí ẹṣin àti ọwọ́ ènìyàn nìkan. Ó wò ó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí bàbá ọmọ náà gbọ́, inú bí i. Ó wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó jókòó sí yàrá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹṣin kì í gbọ́ èdè àánú. Pàṣán àti ìjánu ni àwọn baba wa fi gùn ún lọ sójú ogun. Ìtàn obìnrin òyìnbó ni ẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọ mi?" N kò lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀sín, nítorí ó ní òótọ́ nínú. Ẹṣin tí a bá gbà láyè láti máa fi èjìká ti ènìyàn yóò fọ́ ènìyàn náà mọ́ ògiri lọ́jọ́ kan. Àánú kọ́ ni ìfẹ̀sọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn àti súgà bẹ ẹṣin kò tí ì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè ibi tí àwọn baba wa ti ń rí ẹṣin. Ọ̀yọ́ tí ó fi ẹṣin jagun títí ó fi di ìjọba ńlá, ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá ni ó ti ń ra púpọ̀ nínú wọn, owó ńlá sì ni. Ní ilẹ̀ igbó bíi tiwa, eṣinṣin kan tí a ń pè ní tsetse ń gbé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ kiri tí ń pa ẹṣin, ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kì í fi í pẹ́ nínú igbó. Ohun tí ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń kú tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa fi pàṣán bà á jẹ́? Kì í ṣe pàṣán ni ó pa ẹṣin mọ́ láyé fún wọn. Àwọn olùtọ́jú tí wọ́n mọ ìṣe rẹ̀ ni, àwa kò sì kọ ìmọ̀ wọn sílẹ̀. Ọkùnrin náà dákẹ́. N kò rò pé ó gbà.

Ibí yìí ni gbogbo ìwé tí mo ti dárúkọ kù sí. Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Wọ́n ń sọ nípa aṣọ òtútù ẹṣin, wọn kò sọ nípa oòrùn Ọ̀jọ́ ní agogo méjì ọ̀sán. Ẹgbẹ́ kan wà tí Dorothy Brooke dá sílẹ̀ ní Cairo ní 1934 láti tọ́jú àwọn ẹṣin ogun tí ó ti darúgbó, a ń pè é ní Brooke títí di òní, ohun tí wọ́n ń kọ fún àwọn tí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń bá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ gbígbóná sún mọ́ tiwa ju ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Síbẹ̀, ìwé tí ó sún mọ́ wa jù kì í ṣe ìwé. Bàbá Háúsá kan wà lọ́nà Àgbádárìgì, kò jìnnà sí Àlàbá Rago, tí ń tọ́jú ẹṣin mẹ́rin fún àwọn onínàáwó. Irú ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin Kánò, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní 2024. Mo mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé àti bírò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, Bàbá kò jẹ́ kí ó gun nǹkan kan. Ó ń pọn omi, ó ń kó ìgbẹ́, ó ń yọ òkúta kúrò nínú pátákò. Ohun tí ó bá rí, ó ń kọ ọ́: iye garawa omi tí ẹṣin mu nígbà tí oòrùn mú, àti iye tí ó mu nígbà tí òjò rọ̀, bí Bàbá ti ń fi etí lé ikùn ẹṣin láti gbọ́ bóyá inú ń kùn, àti ìdí tí ó fi ń fún un ní koríko kí ó tó fún un ní ọkà bàbà. Ó kọ orúkọ nǹkan ní èdè méjèèjì, gàárì tí àwọn ń pè ní *sirdi*, ìjánu tí àwọn ń pè ní *linzami*. Mo ti ka ìwé ìkọ̀wé náà. Èmi yóò fi ìwé pélébé tí ó kán mi léjìká ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Oṣù mẹ́ta kò tó, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Ọ̀rọ̀ ìbá di ìjà bí kì í bá ṣe bàbá àgbà, tí ó ní kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tí ó ti gun ẹṣin rí jókòó sórí gàárì, kí àbúrò sì di okùn mú. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọjọ́ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ rìn nínú eruku, ó wọ agbádá tí a rán fún ẹni orí ẹṣin, ó ká apá rẹ̀ méjèèjì sókè. Nígbà tí ìbọn dún, ẹṣin ilé wọn ta gìrì, ó gbé orí sókè, àwọn èrò sì fọ́n ká. Ọmọ náà kò fa okùn. Ó dẹ̀ ẹ́, ó dúró bí igi, ó ń mí. Ẹṣin wò ó, ó sì rọ orí sílẹ̀ sí èjìká rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí a ń jẹun, ó bi í pé, "Ọdún tí ń bọ̀ ńkọ́?" Ọmọ náà ní òun kò tí ì kọ ìwé ìkọ̀wé òun kún. Pàṣán tí ó rà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi ní Ìyànà-Ìbà títí di òní, ìyàwó mi ni ó fi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu.